Mo fẹ́ kó kúrò l'Ékòó lọ sí àbà bàbá mi ní ọ̀nà Ìdànrè: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ará Agége

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Télọ̀ ni mí, ẹni ọdún 57. Agége ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń ránṣọ láti ọdún 31 sẹ́yìn. Ọmọ Àkúrẹ́ ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n padà sí àbà bàbá tiwọn ní ọ̀nà Ìdànrè, wọ́n sì gbé ibẹ̀ títí wọ́n fi papò dà. Wọ́n fi ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́rin sílẹ̀, àti oko kòkó tí ẹnì kan ń bá wọn tọ́jú.

Èkó ti sú mi. Owó ṣọ́ọ̀bù ń gòkè lọ́dọọdún, ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí n sùn, dókítà sì ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Nígbà ìsìnkú bàbá, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo lò ní àbà, mo sì sùn bí ọmọdé. Ètò mi ni pé kí n ta pulọ́ọ̀tì kan tí mo ní ní Ọ̀tà, kí n fi owó rẹ̀ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí àbà kí òjò tó dé, kí èmi, ìyàwó mi àti àbíkẹ́yìn wa (ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún 14) kó lọ. Ṣé ètò yìí dára? Báwo ni ti omi àti iná? Ṣé àwọn ará ibẹ̀ yóò gbà mí bí ọmọ wọn, èmi tí wọn ò bí síbẹ̀?

Olóko Kòkó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi náà ti Èkó wá. Ọdún kẹrìnlá mi rèé ní agbègbè Ìdànrè, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ṣáájú gbogbo nǹkan ni pé kí ẹ má kọ́ ilé. Ẹ má tíì ta ilẹ̀ Ọ̀tà náà. Ẹ wá gbé inú ilé bàbá yín fún ọdún kan gbáko, òjò kan ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí ẹ tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lórí èkejì.

Mo mọ ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejì ọdún ni èmi wá wo ilẹ̀ tèmi. Gbogbo ibẹ̀ gbẹ, ó mọ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ tó dára lójú. Mo kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tó di Oṣù Kẹfà, odò yẹn kún dé ẹnu ọ̀nà ìdáná mi. Ọ̀nà tí mọ́tò tó kó búlọ́ọ̀kù gbà wọlé di ẹrọ̀fọ̀, ọ̀kadà gan-an kò lè kọjá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú ilé ni mo kọ sí ìlà oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ lè máa wọlé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé apá ibẹ̀ ni ìjì òjò wa sábà ń gbà wá. Páànù mi mẹ́jọ ló fẹ́ lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí mo bá ti gbé nítòsí ibẹ̀ fún ọdún kan, ọmọdé abúlé ni ì bá fi ibi tí omi ń gbà hàn mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn máa ń fi ilẹ̀ tan èèyàn jẹ. Ní agbègbè Àkúrẹ́, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, ó sì ń lọ títí di Oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá, yàtọ̀ sí ìsinmi díẹ̀ tó máa ń ṣe ní Oṣù Kẹjọ. Ìdajì ọdún tó jù lọ lẹ ó fi gbé nínú òjò. Ẹ lọ wo ilẹ̀ nígbà òjò.

Ilé alámọ̀ tẹ́ ẹ ní yẹn ẹ̀wẹ̀, ìṣúra ni. Kò gbóná lọ́sàn-án bíi ti búlọ́ọ̀kù. Ẹ yẹ páànù àti igi òrùlé wò bóyá ikán ti jẹ ẹ́, ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri lóde kí òjò má máa jẹ ẹ́, ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá yí ilé ká. Owó táṣẹ́rẹ́ ni. Ilé náà yóò tó yín lò fún ọdún púpọ̀.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún

Ọ̀rọ̀ Olóko gún régé. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilẹ̀ kún un, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti ń ṣubú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ pé bàbá yín "fi ilé àti oko sílẹ̀". Ṣé bàbá yín nìkan ló ni ín, àbí ti ẹbí ni? Ẹ ní àbà bàbá tiwọn ni. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí bàbá-bàbá yín dá, àwọn ọmọ bàbá-bàbá yín yòókù ní in, ọmọ tiwọn náà sì ní in. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ kí ẹ sì ro ó. Ẹ ò ní ẹ̀tọ́ láti dá tà nínú rẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ kọ́lé tuntun tàbí dá oko tuntun láìsọ fún olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé. Ẹ pè wọ́n jọ, kódà kí ọ̀rọ̀ náà dà bí ohun tí kò le. Kí gbogbo wọn jọ rìn yí ilẹ̀ ká, kí wọ́n fi igi ààlà hàn yín, kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe awọnlẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ bèèrè dáadáa bóyá ilẹ̀ náà kò wọ inú igbó ọba, nítorí igbó ọba pọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba ló sì ni wọ́n. Ẹni tó bá tà á fún yín kò ní ohun tó ń tà.

Èyí tó jù mí lójú ni ti ẹni tó ń tọ́jú kòkó. Ẹ má dé kí ẹ máa bi í pé "ta ló ní kí o gbin èyí?" Ọ̀pọ̀ irú wọn, àwọn Ẹ̀bìrà, àwọn ará Ọ̀ṣun, ti lo ogún ọdún lórí oko kan. Òun ló mọ igi tó ń so àti igi tó ti rẹ̀. Òun ló ti ń fín oògùn sí i nígbà òjò tí kòkó ń dúdú lórí igi. Àdéhùn kan wà láàárín òun àti bàbá yín, bóyá wọ́n ń pín in sí mẹ́ta tàbí sí méjì. Ẹ jókòó tì í pẹ̀lú baálẹ̀ (ọlọ́jà ni wọ́n ń pè é ní ibòmíràn lọ́dọ̀ wa), kí ẹ gbọ́ àdéhùn náà lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì dúró lé e fún ìkórè kan, ó kéré tán. Bí ẹ bá lé e, ẹ ó pàdánù oko, ẹ ó sì pàdánù ojú rere gbogbo àbà.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ilẹ̀ kún un lọ́wọ́ ìdílé mìíràn, ìṣákọ́lẹ̀ (ohun tí à ń san fún onílẹ̀) lẹ ó máa san. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ láti gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kò gbọdọ̀ gbin kòkó, ọ̀pẹ tàbí obì síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ ni ẹ̀rí pé èèyàn ń gba ilẹ̀. Ìjà tí mo ti rí lórí igi obì mẹ́ta péré dé ààfin.

Ìyá Ọlọ́jà

Bàbá, ẹ kú ètò o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tí ìyàwó yín ti sọ nǹkan kan.

Kí ni wọ́n ń ṣe l'Ékòó? Bí wọ́n bá ń tajà, àwọn oníbàárà wọn ńkọ́, ẹgbẹ́ wọn ńkọ́, àjọ tí wọ́n ń dá ńkọ́? Ọkùnrin a máa gbádùn ìdákẹ́jẹ́ nítorí ó ń jáde lọ sóko, ó ń bọ̀ wá jókòó lábẹ́ igi. Obìnrin ló ń pọn omi, tó ń wá igi, tó ń fi èéfín ṣojú. Mo ti rí ìyàwó mẹ́ta tó fi ọkọ wọn sílẹ̀ ní àbà, tí wọ́n padà sí ìgboro, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ọkọ. Ẹ jọ lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ kí ẹ tó pinnu, kì í ṣe lásìkò ìsìnkú tí èèyàn pọ̀ tí oúnjẹ sì kún ilé.

Nọ́ọ̀sì Ìlárá

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ dárúkọ ló gbé mi dìde. Ìdákẹ́jẹ́ dára fún yín, ṣùgbọ́n kò rọ́pò oògùn. Ẹ kó oògùn oṣù mẹ́ta dání nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ wá ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mọ̀ yín lójú. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí àti ẹni tó ń wà níbẹ̀ lálẹ́.

Ohun méjì tí ará Èkó kì í rò sí. Àkọ́kọ́ ni ejò. Bàtà òjò gígùn ni kí ẹ máa wọ̀ lọ sóko, kí ẹ sì máa tan tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé lẹ ń lọ. Bí ejò bá bu èèyàn jẹ, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má so ó pinpin. Kí onítọ̀hún má rìn. Ẹ fi igi gbe ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà bí ìgbà tí eegun bá ṣẹ́, kí ẹ gbé e lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ẹni tí yóò dì í mú lẹ́yìn, ó di ilé ìwòsàn. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ọlọ́kadà méjì tó ń gbé inú àbà.

Ìkejì ni odò. Omi tí kò sáré, tí ewéko kún etí rẹ̀, ni ìgbín kékeré tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri máa ń wà. Bí ọmọ bá ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe àmì àgbà bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ẹ gbé e wá, oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Awakọ̀ Àkúrẹ́

Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè kò jìnnà, ogún kìlómítà àti díẹ̀ ni. Inú igbó lẹ́yìn títì ni iṣẹ́ wà. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ ti máa wọlé. Ẹ gba nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò àti ti olórí ọdẹ ní ọjọ́ tí ẹ bá dé. Láti 2020 tí wọ́n ti gbé Àmọ̀tẹ́kùn dìde, ọmọ àdúgbò tó mọ ipa ọ̀nà igbó pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá rí ojú tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ fún baálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ará Agége

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ọlọ́jà, nítorí òótọ́ ni, mo sọ fún ìyàwó mi, mi ò bi í léèrè. Mo bi í lánàá. Ó ní òun ò kọ̀ àbà, ohun tó ń dẹ́rù ba òun ni omi pípọn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, àti pé kò ní sí ẹni tí yóò máa ra ìrẹsì òun. Àbíkẹ́yìn wa sì ní òun ò fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀ láàárín ọdún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ omi fún mi.

Agbẹ́kànga

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Oṣù Kejì sí Ìkẹta ni kí ẹ gbẹ́ kànga, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ nínú òjò yóò rí omi kíákíá, inú rẹ̀ á dùn, kànga á sì gbẹ lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀ jù. Kó jìnnà sí ṣálángá, ọgbọ̀n mítà ó kéré tán, kó sì wà lápá òkè, kì í ṣe nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé rínǹgì sí i, ẹ mọ ẹnu rẹ̀ ga, ẹ dé e.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kànga ẹ̀rọ gba owó yín lásán. Orí àpáta ni a wà. Ẹni tó bá ti rí òkè Ìdànrè mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Inú ibi tí àpáta ti sán tàbí ti rà ni omi ń gbé, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré lè ya ibi tó lómi sọ́tọ̀ kúrò níbi tí kò lómi. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó ń lu ilẹ̀.

Ti orúnkún màmá: ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ ra táǹkì ńlá, ẹ fi páìpù gba omi òjò láti orí páànù. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó darí rẹ̀ sínú táǹkì, kí ẹ sì máa se èyí tí ẹ ó mu. Láàárín oṣù òjò, wọn ò ní pọn omi rárá.

Iná: sólà kékeré tó lè tan gílóòbù mẹ́rin, tó lè gba fóònù àti fáànù kan, ti tó. Ẹ má retí ju ìyẹn lọ lọ́dún àkọ́kọ́.

Tíṣà Tó Fẹ̀yìn Tì

Ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kó parí ọdún yìí lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí l'Ékòó. Lẹ́yìn náà, Àkúrẹ́ ni kó ti kàwé, kì í ṣe àbà, kó máa wá sílé nígbà ọlidé. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìgbèríko fún ọdún púpọ̀, mo sì fẹ́ràn wọn gidigidi, ṣùgbọ́n olùkọ́ fisíìsì àti kẹ́mísìrì kì í dúró níbẹ̀ pẹ́. Ìfẹ́ yín fún ìdákẹ́jẹ́ kò gbọdọ̀ di ẹrù lórí rẹ̀.

Mo Ti Padà

Mo fẹ́ sọ ti ẹni tí kò ṣeé ṣe fún, kí ó lè wúlò.

Oṣù mẹ́jọ ni mo lò ní àbà kan lẹ́yìn Ilé Olújìí. Mo gbin ẹ̀gẹ́, mo gbin kòkó, mo sì dúró. Ẹ̀gẹ́ ń gba nǹkan bí ọdún kan kó tó dára, kòkó ń gba ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Láàárín ìgbà yẹn mo ń fi owó ra gaàrí, nínú àbà, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe gaàrí. Owó tán. Èyí tó dùn mí jù ni pé mi ò ní ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Mo pa ilẹ̀kùn mi dé bí a ti ń ṣe l'Ékòó, mo rò pé àwọn èèyàn ń yẹra fún mi. Ọdún méjì lẹ́yìn tí mo padà ni ẹnì kan tó sọ fún mi pé wọ́n rò pé mo ń ṣàìsàn tí mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Olóko Kòkó

Àbúrò, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n Agége, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tí ẹ ó jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbin. Ewé ewédú àti tẹ̀tẹ̀ yóò dé ọbẹ̀ láàárín oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀. Àgbàdo tí ẹ bá gbìn sí òjò àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ta. Ẹ fi ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tẹ̀ lé e. Ẹ má dá oko ńlá. Ìwọ̀n tí ẹ̀yin àti ìyàwó yín lè fi ọkọ́ ro láàárọ̀ mẹ́ta ti tó.

Ní ti àwọn èèyàn, ẹ jáde. Láàárọ̀, ẹ kí ilé baálẹ̀, ẹ kí ilé tó tẹ̀ lé e, kódà kó jẹ́ "ẹ kú ojúmọ́" lásán. Bí wọ́n bá bẹ̀ yín sí ọ̀wẹ̀, ẹ lọ, kódà bí àdá kò bá mọ́ yín lọ́wọ́. Wọn ò wo bí ẹ ṣe ro tó, wọ́n ń wò ó pé ẹ wá. Bí ẹ bá ti pé ọdún kan, ẹ bèèrè láti wọ àáró wọn: ẹ ó ṣiṣẹ́ lóko tiwọn, àwọn náà á sì wá sí tiyín nígbà tó bá kàn yín. Nígbà tí páànù mi fẹ́ lọ yẹn, èèyàn mọ́kànlá ló wà lórí òrùlé mi kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Mi ò ránṣẹ́ pe ẹnì kankan.

Ìyá Ọlọ́jà

Bàbá, ẹ sọ fún màmá pé ẹnu ń jẹ ìrẹsì ní àbà náà, ọjọ́ ọjà ni kí wọ́n máa sè é. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà ìgbèríko, òní àti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ la sì ń kà mọ́ ọn. Bí òní bá jẹ́ Ajé, Ẹtì ló tún kàn, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá ń fi Sátidé ka ọjà bí ará Èkó yóò pàdánù rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ìyálọ́jà, kó fi ibi tí wọ́n ó jókòó sí hàn wọ́n, kí wọ́n má kàn ti igbá kalẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ ní télọ̀ ni yín. Kí ló dé tí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ oko? Láti àbà tèmi, ẹni tó bá fẹ́ rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ máa ń wọ ọ̀kadà lọ sí Àkúrẹ́. Lásìkò tí wọ́n bá ta kòkó, aṣọ ẹgbẹ́ àti aṣọ ọdún kì í tán. Ẹ ní ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ àbí ti iná?

Ará Agége

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Mo fa á jáde lálẹ́ àná, mo kán òróró sí i, ó ń lọ.

Ohun tí èmi àti ìyàwó mi fẹnu kò lé lórí rèé. A ò ní ta ilẹ̀ Ọ̀tà. Ọmọ yóò dúró ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Ìyànà Ìpájà títí ọdún ìwé yóò fi parí. Àwọn ọmọ ẹbí tí mo pè ní Àkúrẹ́ ti dá ọjọ́ tí a ó jọ jókòó. Àwa méjèèjì yóò lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àárín òjò, kí a rí bí ọ̀nà ṣe ń rí. Mo ti bá ẹni tó ń tọ́jú kòkó sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní bàbá mi sọ fún òun pé èmi yóò padà wá. Mi ò mọ̀ pé bàbá ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Ìyàwó mi ń béèrè bóyá kí a gbé fíríìsà dání.

Olóko Kòkó

Ẹ fi fíríìsà sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ kó abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ dání dáadáa, òwú dúdú àti funfun, bọ́tìnnì, àti fáìlì àdá méjì. Ti Àkúrẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kò ní fẹ́ máa wọ mọ́tò nítorí abẹ́rẹ́.